Ó wà nínú àpò, ṣùgbọ́n ètò ò rí i

"Àǹtí, ó ní òun ò rí libgeos."

Ọjọ́bọ̀ ni, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kútọ̀, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì ń sáré ki gbogbo bátìrì mọ́ iná kí wọ́n tó tún mú un lọ. Ọmọbìnrin tó pè mí wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn àgbẹ̀ wọn oko. Á gbé fóònù dání, á rìn yí ẹ̀bá oko ká, fóònù á máa gba gbogbo ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Bó bá dé ìdí kọ̀ǹpútà, ètò tí mo ṣe á fi àwọn àmì yẹn ya àwòrán oko, á sì sọ iye hékítà tó jẹ́. Àgbẹ̀ mẹ́fà ló jókòó tì í lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti pa iṣẹ́ àárọ̀ tì nítorí rẹ̀.

Mo ní kó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún mi gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Ó kà á:

error while loading shared libraries: libgeos_c.so.1: cannot open shared object file: No such file or directory

Ètò náà ń wá fáìlì kan tó ń jẹ́ libgeos_c.so.1, kò sì rí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní, "Ṣí fódà lib, kí o wò ó bóyá ó wà níbẹ̀." Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀, mà. Mò ń wò ó báyìí."

Màámi wà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, wọ́n sì máa ń yà kí mi bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo "ó wà níbẹ̀, kí ló wá dé?" sórí fóònù, wọ́n sì bi mí pé, "Ta lẹ rán lọ wá a? Ṣé ẹni náà mọ inú ilé yín?"

Òwe Sókótó àti ṣòkòtò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bí yóò ṣe wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè màámi ni mo gbé sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí òun gan-an ni ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi láti ọjọ́ tí mo ti di àpò yìí.

Kí n sọ ìdí tí mo fi dì í. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn tó ń wọn oko ń lò kì í ṣe tiwọn. Ti ọ́fíìsì ni, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì lè wà ní ìlú mìíràn, nítorí náà kò sí bí wọ́n ṣe lè fi apt, àṣẹ tó ń gbé ètò tuntun wọlé, gbé ohunkóhun sórí rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé tí wọ́n ń lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò tó ohun tí wọ́n lè fi wa fáìlì ńlá sílẹ̀, dátà sì wọ́n. Mo wá kó gbogbo ohun tí ètò náà nílò sínú fódà kan ṣoṣo: bin ni ètò wà, lib ni àwọn láíbúrárì wà, share ni àwọn fáìlì yòókù wà. Ẹ tú u síbi tó wù yín, ẹ ṣí i, ẹ máa lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ síbòmíràn lọ́la, ẹ gbé e. Àpò àgbéká ni mò ń pè é.

Láíbúrárì tí mò ń wí yìí kì í ṣe yàrá ìkàwé o. Kóòdù àjọlò ni. Ní agboolé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo obìnrin ilé ló ní odó tirẹ̀. Odó kan lè wà lágbàlá tí gbogbo ilé ń gún iyán nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni láíbúrárì. Ẹnì kan ti kọ kóòdù tó mọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ kan, ètò mìíràn kàn ń yá a lò ni. Nínú àpò tèmi, GDAL ló ń ka oríṣiríṣi fáìlì àwòrán ilẹ̀, GEOS ló ń ṣírò ìrísí àti fífẹ̀ ilẹ̀, PROJ ló ń sọ ìwọ̀n lórí òbìrí ayé di mítà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. A kì í fi ìwọ̀n òbìrí ṣírò hékítà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i sí mítà. Fún agbègbè Abẹ́òkúta, ìpín 31 ti apá àríwá nínú ètò UTM (ètò tó pín ayé sí ìpín-ìpín kí a lè fi mítà wọ̀n ọ́n) la máa ń lò. GDAL nílò GEOS, GEOS fúnra rẹ̀ pín sí méjì: libgeos_c tí àwọn ètò ń bá sọ̀rọ̀, àti libgeos tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè màámi nìyí. Kì í ṣe ètò fúnra rẹ̀ ló ń wá láíbúrárì kiri. Ìránṣẹ́ kan ló ń wá a. Lórí Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí àwọn kọ̀ǹpútà wa, ld.so ni orúkọ ìránṣẹ́ náà. Lórí irú kọ̀ǹpútà tí a ń lò, fáìlì rẹ̀ gan-an ni /lib64/ld-linux-x86-64.so.2. Kí ètò tó gbéra, ìránṣẹ́ yìí á ka orúkọ gbogbo láíbúrárì tí ètò náà ti kọ sílẹ̀ pé òun nílò, á lọ kó wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Láíbúrárì tó kó wá náà á ní tirẹ̀ tó nílò, á tún lọ kó ìyẹn wá, títí gbogbo wọn á fi pé. Orúkọ lásán ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un. Wọn kì í kọ ilé.

Ó ní ibi tó máa ń wò, ó sì ní bó ṣe ń tò wọ́n. Ó kọ́kọ́ ń wo ọ̀nà tí a kọ sínú fáìlì lábẹ́ orúkọ RPATH, bí kò bá ti sí RUNPATH níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń wo LD_LIBRARY_PATH, èyí tí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lè kọ fúnra rẹ̀. RUNPATH ló kàn. Bí kò bá rí i níbẹ̀, ó ń wo /etc/ld.so.cache, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ldconfig ń ṣe nípa àwọn láíbúrárì tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. /lib àti /usr/lib ló fi ń kádìí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: fódà tí ètò fúnra rẹ̀ wà kò sí nínú ibi tó ń wò. Windows máa ń wo fódà ètò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ti Windows wá fi máa ń rò pé bí fáìlì bá ti wà nítòsí, ó parí. Lórí Linux, kò parí. Ìránṣẹ́ yẹn lè fẹsẹ̀ kọ ohun tó ń wá lẹ́nu ọ̀nà kó má sì gbé e, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó wo ibẹ̀.

Èmi sì mọ gbogbo èyí. Mo ti kọ ọ̀nà sínú ètò mi. Mo ti kọ $ORIGIN/../lib sínú RUNPATH rẹ̀. $ORIGIN jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí ld.so mọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ibi tí fáìlì tó ń sọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́lọ́wọ́". Níbikíbi tí wọ́n bá gbé àpò dé, láti bin, jáde sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, kí o wọ lib. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?

Mo ní kí ọmọbìnrin náà tẹ LD_DEBUG=libs síwájú orúkọ ètò, kó tún ṣí i, kó sì ya àwòrán ohun tó bá jáde ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bí ẹ ò bá mú ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú LD_DEBUG. Ṣe ni ìránṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ á máa rò fún yín bó ṣe ń lọ: mò ń wá èyí, mo dé ibí, kò sí, mo dé ọ̀hún, mo rí i. Mo ti rí àwọn ènìyàn tó fi ọjọ́ mẹ́ta méfò lórí ohun tí ìlà mẹ́wàá nínú ìròyìn yẹn ì bá sọ fún wọn.

Nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́, ld.so wá libgdal, ó wo lib tiwa nítorí RUNPATH tí mo kọ, ó rí i. Ó dára. Lẹ́yìn náà ó wá libgeos_c. Àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ló tààrà lọ wò, ó kọjá sí /lib, ó dé /usr/lib, ó ní kò sí. Kò tiẹ̀ yà sí fódà tiwa rárá. Fódà kan náà tó ti mú libgdal ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú!

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín RPATH àti RUNPATH ló fà á, mo sì rò pé ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń di àpò àgbéká mọ̀ bí ẹni mọ owó ni. RPATH ló ti pẹ́ jù nínú wọn. Ó dà bí ilẹ̀ ìdílé: bí baba bá ní i, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń jẹ níbẹ̀. Bí ètò bá ní RPATH, gbogbo láíbúrárì tí ètò náà fà wá ń jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n RPATH máa ń ṣáájú LD_LIBRARY_PATH, èyí sì ń dí ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí ọ̀nà padà lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú RUNPATH wá, tó ń tẹ̀lé LD_LIBRARY_PATH lẹ́yìn. RUNPATH kì í ṣe ilẹ̀ ìdílé ní tirẹ̀. Ohun tí fáìlì kan bá nílò tààrà nìkan ló ń bá a wá. Bó bá rí libgdal fún ètò, ọwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Libgeos_c tí libgdal nílò, libgdal ló gbọ́dọ̀ ní RUNPATH tirẹ̀ tí yóò fi wá a. Lórí Ubuntu, irú Linux tí mo fi ń ṣiṣẹ́, RUNPATH ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ bí ẹ ò bá sọ nǹkan mìíràn. Libgdal mi ò sì ní ọ̀nà kankan nínú. CMake, irinṣẹ́ tó ń sọ kóòdù di ètò, ni mo fi kọ́ ọ, CMake sì máa ń pa ọ̀nà tó lò nígbà ìkọ́lé rẹ́ nígbà tó bá ń gbé fáìlì síbi tó máa wà, bí a kò bá fi CMAKE_INSTALL_RPATH sọ ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Mi ò sọ.

Ohun tó dùn mí jù kì í ṣe èyí. Ohun tó dùn mí ni pé àpò yẹn ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi fún oṣù mẹ́rin. Mo fi LD_DEBUG wo kọ̀ǹpútà tèmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì rí i: libgeos_c tó ń gbé kì í ṣe èyí tó wà nínú àpò. Ti /usr/lib ni, èyí tí mo ti gbé sórí kọ̀ǹpútà nítorí iṣẹ́ mìíràn tipẹ́tipẹ́. Fún oṣù mẹ́rin, gbogbo ìgbà tí mo ní "mo ti dán an wò, ó dáa", ohun tí mo dán wò kọ́ ni mo ń kó fún àwọn ènìyàn. Ẹ fojú inú wo alásè tó ń fi ọbẹ̀ ilé tọ́ wò tó sì ń bu ti inú kúlà fún oníbàárà. Kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tọ́ ohun tó ń tà wò rí. Mo jókòó fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè tẹ nǹkan kan.

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń dúró. Mo ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe. Mo kọ ìwé àṣẹ kékeré kan, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tó ń kọ LD_LIBRARY_PATH sílẹ̀ kó tó ṣí ètò, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ètò ṣí, wọ́n wọn oko mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí oòrùn tó mú. Mi ò kábàámọ̀ ti ọjọ́ yẹn. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ń fi ètò náà han àwọn ènìyàn kan ní ìpàdé kan ní Pańṣẹ́kẹ́. Wọ́n wọn oko tán, wọ́n tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣí ìròyìn. Ètò mi máa ń kọ ìròyìn sí PDF, á wá ní kí kọ̀ǹpútà fi ètò tirẹ̀ ṣí i. Kò ṣí. Wọ́n tún un tẹ̀. Kò ṣí. LD_LIBRARY_PATH tí mo kọ sílẹ̀ kì í ṣe ètò mi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tí ètò mi bá bí ló ń jogún rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń lo Ubuntu tó tuntun ju tèmi lọ, ètò tó ń ka PDF lórí rẹ̀ sì ń retí ẹ̀dà tuntun libstdc++, láíbúrárì tí àwọn ètò tí a fi èdè C++ kọ ń lò. Nígbà tó bèèrè, ìránṣẹ́ gbé libstdc++ inú àpò mi fún un, tó ti gbó jù fún un, ó sì kú lójú ẹsẹ̀. Àpò mi ti wọ ilé onílé lọ ba nǹkan jẹ́. Láti ọjọ́ náà, mo kà LD_LIBRARY_PATH sí òògùn ìdúró díẹ̀: ẹ lò ó kí aláìsàn lè dé ọsibítù, ẹ má fi ṣe oúnjẹ rẹ̀.

Àtúnṣe tó tọ́ ò gùn. Kí gbogbo fáìlì inú àpò, pátápátá wọn, mọ ọ̀nà ara rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ètò tó wà ní bin á ní $ORIGIN/../lib. Láíbúrárì kọ̀ọ̀kan tó wà ní lib á ní $ORIGIN lásán, nítorí ẹgbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà. Patchelf ni mo fi ṣe é, irinṣẹ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe NixOS:

patchelf --set-rpath '$ORIGIN' lib/libgdal.so.*

Irinṣẹ́ kan tó ti pẹ́ jù ú wà, chrpath, ṣùgbọ́n chrpath ò lè kọ ọ̀nà tó gùn ju èyí tó bá nínú fáìlì lọ. Bí kò bá sì bá nǹkan kan rárá, kò lè fi kún un. Patchelf lè ṣe méjèèjì. Àwọn tó ń ṣe conda, irinṣẹ́ mìíràn tó ń di àpò ètò, gba ọ̀nà mìíràn sí ìṣòro ààyè yìí, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn nítorí làákàyè inú rẹ̀: wọ́n máa ń kọ́ àpò wọn sínú fódà tí orúkọ rẹ̀ gùn tó lẹ́tà 255, kí ààyè lè wà nínú fáìlì; bí ẹ bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, wọ́n á fi orúkọ fódà tiyín rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì fi òdo dí ìyókù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ẹ ò gbọdọ̀ kàn gbé fódà náà kiri. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣí ilé. Tèmi ń ṣí ní gbogbo ìgbà.

Nǹkan kan wà nípa àmì dọ́là yẹn tí mo gbọ́dọ̀ sọ, nítorí ó gba ọjọ́ Àbámẹ́ta odindi kan lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ètò kọ ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ láti ìgbà ìkọ́lé, kí n má bàa máa fi patchelf sáré lé e lẹ́yìn. Mo kọ $ORIGIN sínú Makefile, fáìlì tí irinṣẹ́ make ń kà láti kọ́ ètò, mo kọ́ ọ, kò rí nǹkan kan. Mo lo readelf -d láti wo inú ètò náà. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ojú mi ń ka ohun tí ọkàn mi ń retí. Ìgbà kẹta ni mo tó rí i pé RIGIN ló wà níbẹ̀. RIGIN! Make ti rí dọ́là, ó rò pé mò ń pe ohun kan tó ń jẹ́ O, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó fi òfo rọ́pò rẹ̀, ó wá kọ ìyókù sílẹ̀. Bí ẹ bá wà nínú Makefile, dọ́là méjì lẹ ó kọ, $$ORIGIN, ẹ ó sì fi àmì ìfàyọ ẹlẹ́yọ kan há a mọ́ àárín kí shell (ètò tó ń ṣe àṣẹ tí a bá tẹ̀) náà má bàa gbé e mì lẹ́yìn tí make bá ti fi sílẹ̀. Ẹnu méjì ló wà lójú ọ̀nà, méjèèjì ló sì ń jẹ dọ́là.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Olúmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ó ti ń bẹ̀ mí tipẹ́. Láti òkè, mo ń nawọ́ sí àwọn àdúgbò fún un: Ìkìjà nìyẹn, Ìjẹmọ̀ nìyẹn, Ìgbẹ̀ìn nìyẹn, Ìporò nìyẹn. Ó bi mí pé ta ló sọ wọ́n lórúkọ. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó sọ wọ́n lórúkọ níhìn-ín. Wọ́n gbé orúkọ wọn wá ni. Kí Ẹ̀gbá tó tẹ̀dó sábẹ́ òkúta yìí ní 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, ìlú ni gbogbo àwọn àdúgbò wọ̀nyẹn jẹ́ nínú igbó Ẹ̀gbá. Ogun tú wọn. Ìlú kọ̀ọ̀kan kó orúkọ rẹ̀, ó kó Ògbóni rẹ̀, ó kó oyè rẹ̀, ó kó òrìṣà rẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ibí, wọ́n tún tò ó bó ṣe wà. Ará Ìjẹmọ̀ tó bá ní ẹjọ́ kò ní láti padà sínú igbó lọ wá ẹni tó máa dá a. Àgbà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òwu dé lẹ́yìn wọn, àwọn náà sì wà gẹ́gẹ́ bí Òwu.

Mo dúró lórí àpáta yẹn, mo ń wo àwọn òrùlé páànù, mo sì rí ohun tí mo ti ń fi ọwọ́ gbá kiri láti ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Àṣìṣe mi ni pé olórí nìkan ni mo fún ní ọ̀nà. Mo rò pé bí ètò bá ti mọ ibi tí ilé wà, gbogbo ará ilé á tẹ̀ lé e. Àwọn Ẹ̀gbá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Ṣódẹkẹ́ nìkan ló mọ ẹni tí ará Ìkìjà ń jẹ́. Ará Ìkìjà kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbikíbi tó bá dúró sí. Bí mo ṣe délé, mo kọ ìwé àṣẹ tó ń yẹ gbogbo fáìlì inú àpò wò, tó sì ń kọ̀ láti dì í bí ẹyọ kan bá wà tí kò ní $ORIGIN tirẹ̀.

Mo rò pé ó tán. Kò tíì tán.

Fíláàṣì ló kàn. Ẹnì kan tú àpò náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wá da fódà tó ti tú náà kọ sórí fíláàṣì láti gbé e fún ẹlòmíràn. Ohun tí àpò àgbéká wà fún gan-an nìyẹn, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíláàṣì ni wọ́n ṣe sí FAT32 tàbí exFAT, ìlànà tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí rẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ symlink, ìyẹn orúkọ lásán tó ń nawọ́ sí fáìlì mìíràn. Láíbúrárì lórí Linux máa ń ní orúkọ gígùn tó gbé nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, orúkọ kúkúrú bíi libgeos_c.so.1 á sì jẹ́ symlink lásán tó ń nawọ́ sí i. Orúkọ kúkúrú yẹn, soname rẹ̀, ni ìránṣẹ́ ń fi wá a. Fíláàṣì ò gba ẹyọ symlink kan, àwọn fáìlì ńlá nìkan ló kó. Ẹni kejì rí fódà tó kún dáadáa, kò sì sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè. Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ; mo wo irú ilé tí àpò mi ń gbé, mo yọ gbogbo symlink kúrò, mo sì fi soname sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan lórúkọ gan-an. Kò sí symlink mọ́, kò sì sí ohun tí fíláàṣì máa sọ nù.

Lẹ́yìn ìyẹn, glibc, láíbúrárì ìpìlẹ̀ tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ètò orí Ubuntu ń lò. Ìyẹn ò ṣeé kó sínú àpò, nítorí ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ara glibc, ojú ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ ìránṣẹ́ sì jẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan pàtó tí $ORIGIN kì í ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ti orí kọ̀ǹpútà tí ẹ bá bá ara yín lẹ ó lò. Ubuntu 22.04 ni mo fi kọ́ àpò náà, glibc 2.35 ló wà lórí rẹ̀. Àwọn kan ṣì ń lo 20.04, tó ní 2.31. Ètò ní òun ń fẹ́ GLIBC_2.34, òun ò rí i. Ní 2.34, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n da libpthread pọ̀ mọ́ libc, iṣẹ́ tó ń gbé gbogbo ètò dìde sì gba nọ́ńbà tuntun. Ètò tó kéré jù lọ tí ẹ bá kọ́ lórí rẹ̀ á máa bèèrè nọ́ńbà yẹn. Glibc tuntun máa ń gba ètò àtijọ́, ti àtijọ́ kì í gba ètò tuntun. Nítorí náà, orí kọ̀ǹpútà tó gbó jù nínú èyí tí àwọn ènìyàn yín ń lò lẹ ó ti kọ́ ọ. Èmi náà padà sí 20.04 fún ìkọ́lé.

PROJ náà ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe láíbúrárì ló ń wá. Fáìlì kan tó ń jẹ́ proj.db ni, níbi tí gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìwọ̀n ilẹ̀ wà. Àìsàn kan náà ni, ọ̀nà ilé tí wọ́n ti bí i ló ń rántí. Mo jẹ́ kí ètò fúnra rẹ̀ wo ibi tó wà, kó sì sọ ọ̀nà share fún PROJ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ti macOS, @rpath àti @loader_path ló ń ṣe iṣẹ́ $ORIGIN níbẹ̀, install_name_tool ló sì wà nípò patchelf. Mi ò ní oníbàárà tó ń lò ó, nítorí náà mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ní.

Báyìí, mi ò tún gba kọ̀ǹpútà mi gbọ́ mọ́. Mi ò sì gba ldd, irinṣẹ́ tó ń to àwọn láíbúrárì tí ètò nílò, gbọ́ bí mo bá lò ó lórí rẹ̀, nítorí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi ló máa sọ fún mi. Mo máa ń ṣí àpò nínú kọ́ńténà, tó dà bí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, tó ṣófo, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju Ubuntu lásán lọ. Mo máa ń gbé e nígbà mẹ́ta: lẹ́ẹ̀kan sínú fódà tí orúkọ rẹ̀ ní àlàfo, lẹ́ẹ̀kan sínú èyí tí orúkọ rẹ̀ ní àmì ohùn, lẹ́ẹ̀kan gba orí fíláàṣì. Lẹ́yìn náà mo máa ń ka ìròyìn LD_DEBUG, mo sì máa ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan pé, "Ilé ta lo ti gbé èyí?" Yàtọ̀ sí ti glibc, bó bá sọ /usr/lib, mi ò ní kó àpò náà fún ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù tó kọjá, mo tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà lọ sí abúlé yẹn. Bàbá kan ni wọ́n kọ́kọ́ wọn oko wọn, oko ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá odò. Ọmọbìnrin náà fi fíláàṣì gbé àpò náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, níwájú mi, láìbi mí ní nǹkan kan. Ó tú u sínú fódà tó sọ ní "Oko Bàbá Àgbà", pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Mo di ọwọ́ mi mọ́ra. Ètò ṣí.

"Hékítà kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, Bàbá. Ìyẹn jẹ́ éékà mẹ́ta àti ààbọ̀, ó kù díẹ̀ kó pé."

Bàbá wò ó. Wọ́n ní láti ọjọ́ pípẹ́, éékà márùn-ún ni àwọn onítirakítọ̀ ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n wá yíjú sí ẹ̀yìn, wọ́n sì ké sí ìyàwó wọn nínú oko pé kí wọ́n sáré wá, kí àwọn náà wá fetí ara wọn gbọ́ ọ.